Bẹ́ǹṣì ẹ̀bá ilẹ̀kùn

Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ọdún tó kọjá ni mo wọ Ọ̀yọ́, mọ́tò já mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo wá ní kí n yà wo ibẹ̀ kí n tó délé. Bí mo ṣe kọjá géètì báyìí, bẹ́ǹṣì ni mo rí lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n kó wọn lé ara wọn gègèrè, àwọn kan dojú dé, ẹsẹ̀ wọn wà lókè bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n dì sẹ́yìn ọ̀kadà. Ọmọkùnrin kan ń fò lórí wọn. Mo ní ta ló kó gbogbo èyí síta, ó ní "Àǹtí, àga tuntun ti dé," ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní tiẹ̀.

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ kó. Ẹni tó bá dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì á mọ ohun tí mò ń wí, bẹ́ǹṣì tí ìdí èèyàn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún nù títí ó fi ń dán, tí o mọ ibi tí igi ẹ̀ ti là tó máa ń fa síkẹ́ẹ̀tì ya, tí o mọ ibi tí ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ fín lẹ́tà méjì àti ọkàn kan sí, tí gbogbo ìjọ mọ ẹni tó fín in, ẹni náà sì ti di àgbà ìjọ báyìí, ó ń gbé igbá ọrẹ.

Mo wọlé lọ wo àwọn àga tuntun náà. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, wọ́n dára. Irin ni ẹsẹ̀ wọn, fóòmù pupa ni ìdí àti ẹ̀yìn wọn, ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n wá ṣì wà lára àwọn tó wà níwájú. Mo jókòó, ìdí mi dúpẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì tí a gbé orin Àjíǹde sókè ni mo rí i pé nǹkan kan ti lọ. Nígbà tó jẹ́ igi àti sìmẹ́ǹtì nìkan ló wà nínú ilé yẹn, tí a bá kọrin, ohùn á lu ògiri, á lu páńù, á tún padà wá bá wa, ogójì èèyàn á máa dún bí igba. Fóòmù ń mu ohùn bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu omi. Ìgbìmọ̀ ìjọ náà gbọ́ ọ létí ara wọn, ni wọ́n bá lọ fi sípíkà méjì kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ sì mọ iṣẹ́ tí sípíkà ń ṣe nínú ilé tí ò ní sílíìnì.

Ilé náà fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn tó apá mi láti ìgúnpá dé orí ìka, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tóo bá wo ẹ̀yìn fẹ́sìtìrì, yàrá tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ ìsìn, níbi tí òjò ti jẹ ẹ́, wàá rí amọ̀ pupa tó ń yọjú. Fèrèsé ẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, orí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé ọ̀run ṣe rí. Àṣé irú èyí tí wọ́n ń kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn ni, tí wọ́n tún jí dìde láyé Ọbabìnrin Victoria, tó wá bá àwọn míṣọ́nnárì wọ ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa. Fèrèsé tín-ín-rín dáa níbi tí òtútù wà. L'Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹta, tí oòrùn bá ti ta sí páńù, ẹ ò ní rí ẹni tó máa sọ fún yín pé fèrèsé tín-ín-rín ṣe òun lóore.

Páńù náà ní ìtàn tiẹ̀. 1829 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, koríko la fi ń bo ilé, ti Ọlọ́run àti ti ọba. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ ò ní bi mí léèrè koríko wo. Bẹẹrẹ ni. Òun náà la fi ń bo Ààfin, òun la ṣe ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ará ìlú á ru koríko wá fún Aláàfin. Mo máa ń rò ó pé ilé koríko yẹn á tutù ju èyí lọ, tí òjò bá sì ń rọ̀, èèyàn á gbọ́ ìwàásù.

Pẹpẹ wà níhà ìlà-oòrùn, bó ṣe wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkàn àtijọ́. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àwa ọmọdé ni pé tí a bá lọ sí ìsìn àárọ̀ kùtùkùtù, oòrùn máa ń gba fèrèsé ẹ̀yìn àlùfáà wọlé, a ò ní rí ojú ẹ̀, òjìji tó wọ aṣọ funfun ló ń wàásù fún wa. Mọ́ṣáláṣí tó wà lódìkejì títì náà kọjú sí ìlà-oòrùn. Ìyẹn ni pé ìlà-oòrùn làwọn ń wò, ìlà-oòrùn làwa náà ń wò, tí a bá jọ ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan náà, apá ibì kan náà ni gbogbo àdúgbò kọjú sí. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wàásù lórí ìyẹn rí.

Àwọn akọrin wa nìkan ni kì í wo ìlà-oòrùn. Wọ́n pín wọn sọ́tùn-ún sósì níwájú pẹpẹ, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni fẹ́ jà. Ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ǹkì ló ti wá, àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà, tó máa ń kọ Sáàmù ní gbígbà-fún-ara, apá kan á dá, apá kejì á gbè é. Nígbà tó di 1841 ni àlùfáà kan tó ń jẹ́ Hook tún ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú Leeds kọ́, ó kó akọrin tó wọ aṣọ funfun síbẹ̀, tí ó fi di pé àwọn ìjọ tó kù ń wò ó kọ́. Àǹfààní tó ṣe fún àwa ọmọdé ni pé a máa ń rí ẹni tó ń sùn nínú àwọn akọrin, a sì máa ń mọ̀ ọ́n kí ọ̀gá tó ń tẹ dùùrù tó mọ̀.

Àga ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ti bíṣọ́ọ̀bù, àwọn àgbà sọ fún wa pé Àlùfáà Samuel Johnson jókòó lé e rí. Ọ̀yọ́ níbí lòótọ́ ni Johnson ti ṣiṣẹ́ láti 1887 títí ó fi kú lọ́dún 1901, ibí ló wà nígbà tó parí ìtàn Yorùbá tó ń kọ lọ́dún 1897, tí ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, tí àbúrò ẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson tún un tò kó tó jáde lọ́dún 1921. Ìyẹn ò ní kí àga yẹn jẹ́ tiẹ̀. Mo ti yí i dé wò. Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìdí ẹ̀, àga náà ò lè ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì.

Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ gbogbo èèyàn ló mọ ibi tó ń jókòó sí. Ọkùnrin lápá ọ̀tún, obìnrin lápá òsì, ìyẹn ti ń yí padà nígbà tí mo gbọ́njú, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ti ń jókòó pọ̀, àwọn ìyá àgbà á máa wò wọ́n. Bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún, ti Bàbá Ìjọ àti àwọn wọ́dìnì. Èyí tó tẹ̀ lé e, ti àwọn tíṣà, àwọn tó jáde ní St Andrew's, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé wá sí Ọ̀yọ́ láti Èkó lọ́dún 1896, ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, wọ́n wọ kóòtù nínú ooru, tí ẹni tó ń ka Bíbélì bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, wàá rí orí bíi mẹ́ta tó yí síra wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Lápá òsì níwájú, Ìyá Ìjọ, àwọn Mọ́dásì Yúníọ̀n pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn bẹ́ǹṣì tó ní idẹ pẹlẹbẹ lára, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìdílé báyìí-báyìí ló fi ta ìjọ lọ́rẹ ní ìrántí bàbá wọn. Tó o bá jẹ́ àlejò tó o sì lọ jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa lé ẹ. Wọ́n á kàn wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, títí wàá fi dìde fúnra ẹ.

Àwa ọmọdé wà lórí bẹ́ǹṣì kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bàbá kan tó ní pàṣán gígùn ló ń ṣọ́ wa.

Lẹ́yìn pátápátá, lápá òsì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀ tí ò bá àwọn tó kù mu. Ó rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ò ga. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sí ní gbogbo Sọ́ńdè ayé mi. Mi ò bèèrè ìdí. Ọmọdé kì í bèèrè ìdí tí ògiri fi wà níbi tó wà.

Ìyàwó kẹta ni ìyá àgbà. Bàbá àgbà ní lọ́rì méjì tó ń kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin, ó lówó díẹ̀, ó sì gbé obìnrin mẹ́ta sílé. Wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá àgbà o, wọ́n sì ń gba owó kíláàsì lọ́wọ́ ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo ṣì ní káàdì ẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fọwọ́ sí gbogbo ojú ẹ̀ láìku ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí nínú Mọ́dásì Yúníọ̀n torí wọn ò so òun àti ọkọ ẹ̀ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì gba Ìdàpọ̀ Mímọ́. Àwọn obìnrin irú ẹ̀ ló kún bẹ́ǹṣì yẹn. Tí àsìkò ìdàpọ̀ bá tó, tí àwọn tó kù ń tò lọ síwájú, wọ́n á rọra dìde, wọ́n á gba ilẹ̀kùn jáde lọ múná sí oúnjẹ.

Èyí tó máa ń ká mi lára jù nìyí. Bàbá àgbà ló kó obìnrin mẹ́ta jọ. Kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àfi ọjọ́ Ìkórè àti ọjọ́ ọdún tuntun. Tó bá sì wá lọ́jọ́ Ìkórè, wọ́n á lọ pàdé ẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n á mú un lọ síwájú pátápátá torí òun ni alága, aṣọ òkè ẹ̀ á gba ìjókòó ẹni méjì. Ìyá àgbà tó jẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé ẹ̀ á wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, á máa na ọrùn wo fìlà ọkọ ẹ̀.

Bí mo ṣe rí bẹ́ǹṣì lábẹ́ máńgòrò yẹn, mo délé, mo lọ ń kàwé. Ìbínú ló gbé mi débẹ̀, mo fẹ́ rí nǹkan tí mo máa fi bá ìgbìmọ̀ ìjọ wí, kí n lè sọ fún wọn pé ẹ wò ó, ohun tó ti wà láti ọjọ́ àwọn àpọ́sítélì lẹ dà síta fún ọmọdé máa fò lé. Ọ̀rọ̀ náà yí mọ́ mi lọ́wọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọ wa ti wá, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi dúró lórí ẹsẹ̀ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á rìn káàkiri, wọ́n á kúnlẹ̀ sílẹ̀, òkúta tí wọ́n mọ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri nìkan ni arúgbó àti aláìsàn rí jókòó lé. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni bẹ́ǹṣì tó dúró sójú kan wá ń pọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò lábẹ́ Póòpù, tí ìwàásù wá di gbọọrọ, ẹsẹ̀ ò gbà á mọ́.

Bó ṣe di àwọn ọdún 1600 àti 1700, àwọn olówó ibẹ̀ wá ń ṣe tiwọn bíi yàrá, pákó á yí i ká dé àyà èèyàn, ilẹ̀kùn á wà lára ẹ̀, àwọn míì á tún fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Wọ́n ní torí òtútù ni. Mo gbà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kì í lé òtútù. Wọ́n ń san owó lórí ìjókòó bí ẹni san owó ilé, ìjọ sì ń fi owó yẹn jẹun, ẹni tí ò ní, á lọ wá ibì kan jókòó lẹ́yìn tàbí lójú ọ̀nà àárín. Lọ́dún 1818, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń ran àwọn ìjọ lọ́wọ́ láti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí láti fẹ̀ ẹ́, àdéhùn wọn ni pé ìjókòó ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún tálákà. Nígbà tó di 1839, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Cambridge, John Mason Neale tó kọ orin ìsìn púpọ̀ wà lára wọn, dìde sí ìjókòó oníyàrá yẹn bí ẹni dìde sí òrìṣà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni bẹ́ǹṣì gbalasa, tí gbogbo ẹ̀ dọ́gba, tó kọjú sí pẹpẹ, tí ẹnikẹ́ni lè jókòó lé.

Ẹ wá bá mi ṣírò ọdún. 1846 ni àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkàn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Ìyẹn ni pé ìlà bẹ́ǹṣì méjì pẹ̀lú ọ̀nà láàárín, tí mò ń sunkún lé lórí, tí mò ń pè ní ti àtijọ́, ìjà lórí ẹ̀ ṣì gbóná lọ́hùn-ún nígbà tí àwọn òyìnbó yẹn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀làjú ni. Bí àga fóòmù ṣe jẹ́ ọ̀làjú lójú ìgbìmọ̀ ìjọ wa náà nìyẹn. Wọ́n gbé ìjókòó tí gbogbo ẹ̀ dọ́gba wá fún wa, àwa fúnra wa la fi iwájú àti ẹ̀yìn sí i. Kí la fẹ́ ṣe? Ọ̀yọ́ la wà. Ibi tí ìjòyè ti ń jókòó sílẹ̀ níwájú Aláàfin, tí olóyè kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí tiẹ̀ wà tí ò sì ní ṣèèṣì jókòó sí ti ẹlòmíì, ta ló máa sọ fún wa pé ká jókòó bó ṣe wù wá nílé Ọlọ́run?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àbúrò ìyá àgbà tó kù láyé, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ṣì dá pé. Mo ní "Ìyá, kí bẹ́ǹṣì tó dé ńkọ́?" Wọ́n ní ìyá tiwọn ló ń sọ fún wọn pé àpótí ni kálukú ń rù láti ilé, pé láàárọ̀ Sọ́ńdè wàá rí èèyàn lójú ọ̀nà tó ru àpótí lé orí tó fi Bíbélì há abíyá. Inú mi dùn. Mo ní ó dáa, ìgbà yẹn kò sí ìwájú kò sí ẹ̀yìn nìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbé àpótí ẹ̀ síbi tó wù ú. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní "Ta ló pa irọ́ yẹn fún ẹ? Ẹni tó ní àga ń gbé àga wá, ẹni tó ní àpótí ń gbé àpótí, ìyàwó ilé ń jókòó sórí ẹní. Ẹni tó wà lórí ẹní á ṣe rí iwájú?"

Mo dákẹ́.

Ìyá tó bí mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ Onítẹ̀bọmi, àwọn tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, wá bá níbẹ̀ lọ́dún 1855. Nígbà tó fẹ́ bàbá mi tó wá ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ohun gbogbo ló rú òun lójú, kúnlẹ̀, dìde, jókòó, tún kúnlẹ̀, ó ní ṣe ni ó dà bí eré ìdárayá. Lọ́dọ̀ tiwọn, àga ìwàásù ló wà láàárín gbùngbùn níwájú, torí ọ̀rọ̀ ni wọ́n wá gbọ́, ibi ìrìbọmi sì wà nísàlẹ̀ pèpéle, wọ́n á ká pákó kúrò, wọ́n á pọn omi sí i, èèyàn á wọ inú ẹ̀ lọ odindi, kì í ṣe ìwọ́n omi tí wọ́n ń ta sí ìkókó níwájú orí. Ó máa ń fi yangàn pé lọ́dọ̀ àwọn kò sí pé ibi ti lágbájá nìyí. Mo ti tẹ̀ lé e lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibì kan náà ni àwọn èèyàn kan náà jókòó sí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn olóbìnrin púpọ̀ yìí, kì í ṣe ìjọ wa ló dá a sílẹ̀. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkàn gbogbo ayé tí wọ́n ń ṣe ní Lambeth, lọ́dún 1888, ló pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣèrìbọmi fún ọkùnrin tó bá ní ju ìyàwó kan lọ, kí wọ́n máa kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ títí yóò fi lè gbà. Ti àwọn ìyàwó, wọ́n ní wọ́n lè ṣe é fún wọn nígbà míì, kí àwọn aláṣẹ ìjọ ibi tí wọ́n wà wò ó. "Nígbà míì" yẹn ni ìyá àgbà. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà, 1988, Lambeth kan náà tún jókòó, wọ́n ní kí wọ́n gba ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wọlé pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ ẹ̀ tó gbàgbọ́, tó bá ṣáà ti lè ṣèlérí pé òun ò ní fẹ́ òmíràn mọ́, tí ìjọ ibẹ̀ sì gbà, kí wọ́n má sì fipá mú un lé èyíkéyìí nínú wọn, torí ìyà tó máa jẹ obìnrin tí wọ́n bá lé.

Bàbá àgbà ti kú kí ọ̀rọ̀ yẹn tó rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Fíkà kan, àlùfáà ìjọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀dọ́mọkùnrin, ló wá sílé wá bá ìyá àgbà pé Ìyá, ọ̀rọ̀ ti yanjú o, ẹ lè wá gba ìdàpọ̀, ẹ sì lè wá jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ yín. Mo wà níbẹ̀, mo ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa, wọ́n kúnlẹ̀ kí i pàápàá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn á máa wá gba ìdàpọ̀. Ní ti iwájú, wọ́n ní "Fíkà, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni atẹ́gùn wà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú ni mo ń káàánú fún." Fíkà rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé wọn ò ṣàwàdà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí wọ́n fi kú. Tí àsìkò bá tó, wọ́n á dìde láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn, wọ́n á rin odindi ọ̀nà àárín yẹn pẹ̀lú ọ̀pá wọn, gbogbo ìjọ á ti parí, dùùrù á ti kọ orin náà tán á tún ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látòkè, àlùfáà á dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Wọn ò yára rí. Wọ́n á gbà á, wọ́n á yí padà, wọ́n á tún rìn ín padà sẹ́yìn. Ojú máa ń tì mí nígbà yẹn, mò ń rò pé wọ́n ń dá ìsìn dúró.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde, mo padà lọ síbi igi máńgòrò. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti ta púpọ̀ nínú bẹ́ǹṣì náà fún bàbá kápíńtà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Akẹ̀sán, òun àti ọmọṣẹ́ ẹ̀ ń tú wọn. Mo kí i, mo ní èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mò ń wá. Ó ní "Ìwọ, ọmọ ta ni?" Mo sọ fún un. Ó ní háà, ọmọ ọmọ onílọ́rì, ó ní òun gun lọ́rì bàbá yẹn dé Ìlọrin rí, orí ẹrù ni wọ́n gbé òun lé.

Ó fi ti iwájú hàn mí kọ́kọ́. Ìrókò ni, pákó ẹ̀ nípọn, kò sí ìṣó kan níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ihò sí ara ẹsẹ̀, wọ́n ki orí igi bọ̀ ọ́, wọ́n wá fi èèkàn igi kàn án ní àkànpọ̀. Ó gbá a lọ́wọ́, ó ní "Gbọ́ bó ṣe ń dún." Ó ní òun máa fi ṣe ilẹ̀kùn, pé ẹni tó ń kọ́lé lónìí ò rí ìrókò báyìí rà mọ́. Inú ẹ̀ dùn gan-an, mi ò lè bínú sí i.

Lẹ́yìn náà ló fa ti ẹ̀bá ilẹ̀kùn jáde láti ìsàlẹ̀. Ó tì í fún mi pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ó ní arère ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ igi á ti lóye, arère fúyẹ́, ó rọ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, òun ni wọ́n ń lò fún ohun tí ojú ò ní tó, ikán sì fẹ́ràn ẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà. Ìṣó ni wọ́n fi kàn án látòkè délẹ̀, ó ti dípẹtà. Ó ní "Ọmọ mi, èyí ò wúlò fún nǹkan kan, igi ìdáná ni. Ohun tó kàn ń yà mí lẹ́nu ni pé arère wo ló pẹ́ tó báyìí lórí ilẹ̀ tí ikán ò jẹ ẹ́?"

Ó yí i dé. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú, dúdú kirikiri, láti ìsàlẹ̀ dé bí ìdajì. Bàbá náà fi ìka nù ún, ó gbé e símú, ó ní ọ́ìlì mọ́tò ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí agolo mílíìkì. Ní Sátidé tó bá kángun sí ìparí oṣù, ìyá àgbà máa ń mú agolo kan lọ sábẹ́ lọ́rì bàbá àgbà, wọ́n á gba ọ́ìlì tí wọ́n dà nù lára ẹ́ńjìnì, èyí tí mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ḿdì, wọ́n á mú àkísà, wọ́n á ní mo ń bọ̀. Mo tẹ̀ lé wọn débẹ̀ rí bí ẹ̀ẹ̀mejì, mo sáré kiri nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo, wọ́n wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi àkísà ra ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Mo rò pé wọ́n ń gbálẹ̀ ni. Gbogbo bẹ́ǹṣì ìrókò tó wà níwájú, ìgbìmọ̀ ìjọ ló ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n ń kùn ún lọ́dọọdún kí Ìkórè tó dé. Èyí tó jẹ́ arère, ọ́ìlì tó jáde lára lọ́rì alága Ìkórè ló gbé e dúró.

Mo ra á. Kápíńtà gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́wọ́ mi, ó sì ń bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń gbà á. Kò wọ inú mọ́tò, ó ní kí òun gé e sí méjì, mo kọ̀, mo lọ pe ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Ilé Màámi l'Ọ̀yọ́ ló wà báyìí, lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹni márùn-ún ló ń gbà, mẹ́fà tí wọn ò bá sanra. Màámi ń jókòó lé e ṣa ẹ̀wà láàárọ̀, ó ní ó tura, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ ti tẹ àmì dúdú mẹ́rin sórí táìsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀, ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kò lọ, lánàá ló tún pè mí pé kí n bá òun bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Èkó ohun tí wọ́n fi ń fọ ọ́ìlì lára táìsì.